Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọgbọ́n Àtinúdá Nípasẹ̀ Àpérò: Àyẹ̀wò Èrò Osborn

Ní ọdún 1953 ni Alex Osborn, ọmọ Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpolówó ọjà, tẹ ìwé Applied Imagination jáde. Èrò rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá wà láàárín ẹgbẹ́, ọ̀nà àbáyọ tí yóò rí yóò tó ìlọ́po méjì èyí tí ì bá dá rí. Òfin mẹ́rin ni ó là sílẹ̀: kí a má dá èrò kankan lẹ́bi lójú ẹsẹ̀, kí èrò pọ̀, kí a gba èyí tí ó ṣàjèjì pàápàá láàyè, kí a sì máa so èrò ẹnìkan mọ́ ti ẹlòmíràn. Ète bébà yìí ni láti yẹ ìlànà náà wò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá.

Àpérò kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe kejì yìí ni ó sábà máa ń borí nígbà tí àgbà bá wà ní ìjókòó. Òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá lórí ọ̀rọ̀ tí a ti sọ. Kò sí èyí tí ó kan ẹni tí kò la ẹnu rárá.

Ká ní olùkọ́ kan gbé ìṣòro Ọ̀fà Garage, ní Ìlọrin, ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́: ọkọ̀ kò ní gbéra àfi bí ó bá kún, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé ni yóò jókòó pẹ́ jù, ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni kò ní dúró. Kí ni a lè ṣe tí èrò ọkọ̀ kò fi ní jìyà, tí awakọ̀ kò sì ní pàdánù? Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà jù bá ní kí a fi kún owó ọkọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹnu yóò dorí kọ. Ọmọ awakọ̀ tí ó wà láàárín wọn, tí ó mọ iye tí epo ń gbà, lè dákẹ́.

Àyẹ̀wò tí Taylor, Berry àti Block ṣe ní Yale, tí ó jáde ní 1958, tako Osborn. Èrò ẹni mẹ́rin tí wọ́n dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a bá pa á pọ̀, ju ti ẹni mẹ́rin tí wọ́n jọ jókòó lọ. Ní 1987, Diehl àti Stroebe fi hàn pé dídúró de ara ẹni wà lára ohun tí ó fà á gan-an: ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyókù a sì máa retí bí ọkọ̀ tí ó tò ní gáréèjì.

Èyí kò sọ àpérò di asán. Iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́kùn rẹ̀ ni ó yí padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dá kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Kí àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Èyí kò tàbùkù àgbà, nítorí òun ni yóò kó ọ̀rọ̀ jọ. Olùkọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ dà bí ẹni tí ń pa àlọ́ àpamọ̀, tí ó ti mọ ìdáhùn kí ó tó béèrè. Bí ìdáhùn bá ti wà lápò rẹ̀, ohun tí ó wà nínú olùkọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá, kì í ṣe ojútùú sí ìṣòro.