Ẹni Tó Rán Sójà Ló Jẹ̀bi: Camp de Thiaroye Lójú Ará Ìta-Ìjẹ̀bú

Láti Ìta-Ìjẹ̀bú ní Benin dé ààlà Nàìjíríà, ọ̀nà kò jìn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Faransé ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́ Dàhómì (Benin òde òní) wọ iṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ èèyàn wa gba ààlà yìí sá lọ. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà lágbègbè Pọ́bẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n dìde ìjà. A. I. Àṣíwájú, onímọ̀ ìtàn, fi hàn pé ọ̀nà àtakò ni irú sísá bẹ́ẹ̀. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ tẹ̀, tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé kí á pè é ní ẹrú òyìnbó ni?

Camp de Thiaroye dáhùn ìbéèrè náà. Ousmane Sembène àti Thierno Faty Sow gbé fíìmù yìí jáde ní 1988, pẹ̀lú owó Sẹ̀nẹ̀gà, Àlùjẹ́ríà àti Tùníṣíà. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó dá lé lórí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, ológun Faransé yìnbọn pa àwọn sójà Áfíríkà tí Jámánì ti mú nígbèkùn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ọmọ Dàhómì wà lára àwọn sójà tó dé ibẹ̀. Nígbà náà, ìjọba Faransé ka òkú 35. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ní iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sembène kò fi ìjà dá wa lára yá. Oúnjẹ, aṣọ àti owó ló gbájú mọ́, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá wọ́n ka èèyàn sí èèyàn. Ẹ wo Pays, ẹni tí ẹ̀wọ̀n Buchenwald ní Jámánì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ó dé àgọ́ náà, ó rí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ó na ọwọ́ kàn án, ẹ̀rù bà á. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bu yẹ̀pẹ̀ sí i lọ́wọ́ kí ó lè gbà pé ilẹ̀ Áfíríkà ló dé. Lóru ọjọ́ ìkọlù náà, Pays yìí kan náà ló rí ọkọ̀ ogun tó ń bọ̀; ó kígbe, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Àléébù fíìmù náà ni pé ó fún àwọn obìnrin láyè díẹ̀ jù. Ìyá àti ìyàwó tí ń retí sójà nílé kò ráyè sọ tẹnu wọn. Síbẹ̀, ó ya ẹni tó rán ni níṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a rán. Ó dá ogun àti ìjọba amúnisìn lẹ́bi, kò sì bu sójà Áfíríkà kankan kù. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn ọmọ ogun tuntun lọ ló fi parí.

Ní tèmi, ẹni tó sá kò ṣojo, ẹni tó lọ kò dalẹ̀. Bí bàbá àgbà kan nínú ilé yín bá ti wọ aṣọ ológun Faransé rí, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.