Àwọn Ìwé Aláwòrán fún Halloween àti Ẹ̀rù Ọmọdé

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan kó ìwé aláwòrán díẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ wọ́n wò bóyá ó tọ́ kí a máa kà wọ́n sétí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìwé Halloween ni wọ́n, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá, àìsùn ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́. Àwọn tí wọ́n ṣí kúrò ní Ireland àti Scotland ni wọ́n gbé àṣà náà dé ọ̀hún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé a múra bí iwin, wọn a máa kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò láti tọrọ midinmíìdìn. Wọn a sì gbẹ́ ojú àti eyín sára elégédé, wọn a tan iná sínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà kò ní láárí. Iwin ń rẹ́rìn-ín músẹ́, elégédé ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ológbò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìwé parí. Òǹkọ̀wé tí ó yọ gbogbo ẹ̀rù kúrò nínú ìtàn alẹ́ dà bí alásè tí ó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ nítorí pé ọmọ kò lè jẹ ata.

Ọ̀kan yàtọ̀. The Little Old Lady Who Was Not Afraid of Anything ni, tí Linda Williams kọ, tí Megan Lloyd ya àwòrán rẹ̀, tí ó jáde ní 1986. Ìyá arúgbó kan ń ti inú igbó bọ̀ lálẹ́, ó pàdé bàtà ńlá méjì tí kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn. Ó ní kí wọ́n kúrò lọ́nà, òun kò bẹ̀rù wọn. Ó ń lọ, wọ́n ń tẹ̀lé e, kò, kò, kà. Lẹ́yìn náà ni ó pàdé ṣòkòtò, ẹ̀wù, ìbọ̀wọ́ àti fìlà, títí ó fi kan orí elégédé. Níbi tí orí yìí ti kígbe mọ́ ọn ni ìyá wa ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Àkọlé wí pé kò sí ohun tí ń ba obìnrin yìí lẹ́rù, ọmọ sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ó sáré. Ìwé náà kò fi í ṣẹ̀sín, kò sì tan ọmọ jẹ. Nígbà tí àwọn nǹkan wọ̀nyí wá kanlẹ̀kùn, ó ṣí i fún wọn. Inú orí elégédé bàjẹ́ pé àwọn kò rí i dẹ́rù bà; kí ni àwọn yóò wá dà? Ìyá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti di ara kan nínú ọgbà, ère tí a fi ń lé ẹyẹ. Wọn kò jáwọ́ nínú dídẹ́rù bani. Ẹyẹ ni wọ́n wá ń dẹ́rù bà.

Ẹni tí ó ka The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola (1952) yóò rántí ọkùnrin arẹwà tí ó háyà ẹ̀yà ara, tí ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí omidan ti ń tẹ̀lé e, títí ó fi ku agbárí nìkan. Níbẹ̀, ènìyàn ni ó ń tú ká lójú wa. Níhìn-ín, aṣọ lásán ni ó ń kóra jọ. Bí ọmọ bá sì ti ń dárúkọ àwọn aṣọ náà ṣáájú olùkọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tò wọ́n, ẹ̀rù wọn kò sì lè pẹ́ lára rẹ̀.

Room on the Broom, ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Julia Donaldson kọ, tí Axel Scheffler yàwòrán rẹ̀ (2001), gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dìde. Obìnrin onífìlà ṣóńṣó kan ń gun ìgbálẹ̀ fò, ó fún ajá, ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ láyè lẹ́yìn rẹ̀; nígbà tí dírágónì fẹ́ pa á jẹ, àwọn wọ̀nyí àti ológbò rẹ̀ fi ẹrẹ̀ bora, wọ́n gun ara wọn lórí, wọ́n sì lé e lọ. Ìtàn inú rere ni látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń kà á, ó sì pe obìnrin náà ní àjẹ́. Kíláàsì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Àǹtí, ta ni ó pa jẹ?”

Nínú irú ìwé Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti di ohun ìṣeré. Àjẹ́ kò tíì di ohun ìṣeré lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni mayya kò dì í lọ́dọ̀ àwọn Hausa. Ní 2008 ni Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ó sọ pípe ọmọ ní àjẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ìyà tí a fi jẹ àwọn ọmọ tí a fi ẹ̀sùn náà kàn. A kò lè wí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí ọmọ ọdún mẹ́rin kí a máa retí ẹ̀rín.

N kò ní kí ó kó ìwé náà sọnù. Mo ní kí ó tún un kà ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó pe obìnrin náà ní Ìyá Onífìlà Ṣóńṣó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dírágónì yọ, àwọn ọmọ ni wọ́n ń kígbe pé kí ọ̀pọ̀lọ́ yára.