“Ó Tó Gẹ́” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Saworoidẹ: Aṣojú, Ẹni Tó Rán An Níṣẹ́ àti Òmìnira ní Ìlọrin

Ìfáárà

Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1999, ìbéèrè kan kò yé wáyé láàrin àwọn onímọ̀ àti àwọn aráàlú: ǹjẹ́ ìjọba àwa-ara-wa, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń yan aṣojú, fún aráàlú ní òmìnira ju ìjọba apàṣẹwàá lọ ní tòótọ́? Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni “bẹ́ẹ̀ ni”. Ìdáhùn kejì, tó máa ń jáde nígbà tí ọjà bá wọ́n tí owó oṣù kò sì wọlé, ni pé kò sí ìyàtọ̀. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó gbé gbólóhùn ìpolongo kan tí gbogbo Ìlọrin mọ̀, “Ó tó gẹ́”, yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà èdè, ó sì kà á pọ̀ mọ́ fíìmù méjì tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí: Saworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002).

Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín kò díjú. Ìbò fún aráàlú ní agbára láti lé alákòóso kúrò lórí àga, ìjọba ológun kò sì fúnni nírú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n agbára láti lé alákòóso lọ yàtọ̀ sí agbára láti bi í léèrè nígbà tó ṣì wà lórí àga. Níbi tí èkejì kò bá ti sí, òmìnira ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún mẹ́rin ni aráàlú ní.

Ta Ni Ó Rán Aṣojú Níṣẹ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí tú ìjọba aṣojú palẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Bí ó bá jẹ́ olùdìbò ni ó rán aṣojú níṣẹ́, olùdìbò ni aṣojú yóò máa bẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó rán an, olùdìbò di ẹni tí wọ́n wá jíṣẹ́ fún lásán, ìbò sì di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jíṣẹ́ náà.

Ìtàn òṣèlú Kwara láti ọdún 1979 dá lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún náà, Olóyè Olúṣọlá Saraki, aṣáájú nínú Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà nígbà Ìjọba Olómìnira Kejì, ti Adamu Attah ti ẹgbẹ́ NPN lẹ́yìn títí tó fi di gómìnà. Nígbà tí àárín wọn dàrú, Saraki yí àtìlẹ́yìn rẹ̀ sọ́dọ̀ Cornelius Adébáyọ̀ ní 1983. Inú ẹgbẹ́ UPN ni Adébáyọ̀ wà, kì í ṣe inú ẹgbẹ́ Saraki fúnra rẹ̀, síbẹ̀ Adébáyọ̀ wọlé. Ní 1999, Mohammed Lawal di gómìnà pẹ̀lú àtìlẹ́yìn kan náà. Wọ́n jà, nígbà tó sì di 2003, Bùkọ́lá Saraki, ọmọ Olóyè, gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP, ó sì lo ọdún mẹ́jọ. Ní 2011, bàbá fa ọmọbìnrin rẹ̀, Gbémisọ́lá, kalẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ ACPN. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti Abdulfatah Ahmed lẹ́yìn lábẹ́ PDP. Àwọn olùdíje mìíràn wà nínú ìbò náà, ṣùgbọ́n ìjà inú ilé kan ṣoṣo ló gba ẹnu àwọn ènìyàn. Ahmed ló wọlé.

Ẹgbẹ́ ń yí padà, gómìnà ń yí padà, ẹni tó ń ránni níṣẹ́ kò kúrò lójú kan. Èyí ni àwọn ènìyàn ń pè ní ìṣèlú baba ìsàlẹ̀. Kò tọ́ kí onímọ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo àwọn tó tẹ̀ lé e. Ní Ilé Arúgbó ní Ìlọrin, àwọn àgbàlagbà ń rí oúnjẹ àti owó gbà, nígbà tí ọ́fíìsì ìjọba kò fún wọn ní nǹkankan. Ẹni tí ebi ń pa kò ṣe àṣìṣe bí ó bá lọ síbi tí oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe ẹ̀tọ́: ẹni tó ń gba ẹ̀bùn ń dúpẹ́, kì í béèrè ìṣirò owó. Nígbà tí ìjọba tuntun wó Ilé Arúgbó ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní, ọdún 2020, lórí ọ̀ràn ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ̀bùn àti ilé ni ó jọ lọ. Àwọn tó ń gbà á kò ní òfin kankan tí wọ́n lè dì mú.

“Ó” Tí Kò Lórúkọ

Inú ìtàn yìí ni “Ó tó gẹ́” ti jáde ní ìgbà ìbò 2019. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, Bùkọ́lá Saraki, tó jẹ́ Ààrẹ Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà lọ́wọ́, pàdánù ìjókòó rẹ̀. Ẹgbẹ́ APC gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Kwara. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, AbdulRahman AbdulRazaq wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Ohun tí ogójì ọdún ti kọ́ dà wó láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí ìbọn.

Agbára gbólóhùn náà wà nínú kíkúrú rẹ̀. “Tó” ń sọ nípa òṣùwọ̀n, “gẹ́” sì gé òṣùwọ̀n náà bí ọ̀bẹ ṣe ń gé okùn. Kò ka ẹ̀sùn, kò ṣe àlàyé. Ìyá tí omi kò yọ nínú ẹ̀rọ àdúgbò rẹ̀, olùkọ́ tí wọ́n jẹ ní owó oṣù, ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé-ìwé tí kò ríṣẹ́, oníkálùkù wọn ló mọ ohun tó tó òun gẹ́. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé arọ́pò-orúkọ “ó” kò tọ́ka sí orúkọ kankan nínú gbólóhùn náà. Olùgbọ́ ló ń fi tirẹ̀ sí i.

Ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà. “Ó” lè jẹ́ ìdílé kan, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ kan, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà ìṣèlú lódidi. Bí ó bá jẹ́ ìdílé, iṣẹ́ parí ní oṣù Kẹta 2019. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà ìṣèlú, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, gbólóhùn náà kò ní olùṣe. Ó sọ pé nǹkan kan ti dé òpin. Kò sọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí yóò ṣe.

Ó yẹ kí a fi í wé orúkọ ẹgbẹ́ kan tí Ìlọrin dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú, “Ìlọrin Tàlákà Parapọ̀”. Ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Hausa, “tàlákà”, pàdé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, “parapọ̀”, gẹ́gẹ́ bí èdè ṣe ń pàdé ní ìgboro Ìlọrin. Orúkọ náà ní olùṣe, ó sì ní ìṣe: a mọ ẹni tó ń ṣe, a mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn mẹ̀kúnnù tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí bá Ẹgbẹ́ Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dà pọ̀, wọ́n sì fi ìbò gba ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Ìlọrin. Kò pẹ́ náà: ní 1958, ìjọba Ẹkùn Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká. Kì í ṣe ológun ló ṣe é. Ìjọba tí àwọn ènìyàn dìbò yàn ni.

Ohun tó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn “Ó tó gẹ́”. Ní oṣù Kẹfà 2019, ìjọba tuntun dá àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wà ní Kwara dúró. Nígbà tó yá, àwọn ìgbìmọ̀ fìdíhẹ tí gómìnà yàn ló ń ṣe àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé irú ìṣàkóso bẹ́ẹ̀ kò bá òfin ilẹ̀ mu. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Kwara, ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà sì gba ipò alága mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Kwara nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ló ti lo ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Ṣùgbọ́n ìlú tó kígbe “Ó tó gẹ́” ló yẹ kí ó dùn jù. Ìjọba ìbílẹ̀ ni aráàlú lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti bèèrè nípa ọjà, kòtò ojú ọ̀nà àti ilé ìwòsàn kékeré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé gómìnà ló rán òun.

Ohun Tí Ológun Fúnni

Àwọn tó sọ pé kò sí ìyàtọ̀ ní ẹ̀rí tó lágbára ju èyí tí wọ́n sábà máa ń lò lọ, ó sì yẹ kí a kà á fún wọn. Ìjọba ológun ti Yakubu Gowon ló dá ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Kwara lónìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni ti ìbò àwọn obìnrin. Nígbà Ìjọba Olómìnira Kìn-ín-ní, tí aṣojú ń ṣòfin ní Kàdúná, obìnrin Ìlọrin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, bí gbogbo obìnrin Àríwá. Ọdún 1976, lábẹ́ àwọn ológun, ni wọ́n tó rí ẹ̀tọ́ yìí gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìjọba aṣojú nìkan ló ń mú òmìnira gbòòrò ní láti wá èsì fún ìyá àgbà Ìlọrin.

Èsì wà. Ohun tí ológun fúnni, òun náà ló ń pinnu ìgbà tí yóò gbà á padà. Ní 1984, nígbà tí Túndé Idiagbon, ọmọ Ìlọrin, jẹ́ igbákejì nínú ìjọba Muhammadu Buhari, Òfin Ológun Kẹrin sọ ìròyìn tó bá kó ẹ̀sín bá òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀, oníròyìn méjì sì ṣẹ̀wọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1993, Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí M.K.O. Abíọ́lá ti borí. Àwọn ológun wọ́gi lé ìbò náà. Kò sí ibi tí aráàlú Kwara lè lọ sọ pé ó tó gẹ́ kí ó sì rí i kí alákòóso kó ẹrù rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan tí 2019 fi hàn nìyí, kì í sì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Ẹni tó bá fojú di í kò tíì gbé lábẹ́ ìjọba tí kò ṣeé lé.

Ìbúra Jogbo

Ibi tí fíìmù Ìṣọ̀lá àti Kèlání ti wúlò nìyí. Nínú Saworoidẹ, ọba Jogbo gbọ́dọ̀ búra, kí ó sì gba gbẹ́rẹ́ orí, kí ó tó gorí ìtẹ́. Bí ó bá ṣi agbára lò, tí wọ́n sì lu ìlù saworoidẹ nígbà tó dé adé idẹ, yóò kú. Lápitẹ̀, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ nítorí ó fẹ́ kó owó jọ. Nígbà tí ọ̀ràn dojú rú, ó ké sí Lágátà ológun. Lágátà sì gba adé fún ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ka fíìmù yìí sí ẹ̀bi tí a dá ìjọba ológun. Kíkà bẹ́ẹ̀ kò pé. Ẹnu ọ̀nà tí Lápitẹ̀ ṣí ni Lágátà gbà wọlé, ìbúra tí Lápitẹ̀ yẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn náà. Ohun tí fíìmù náà ń bèèrè ni ohun tó de alákòóso lẹ́yìn tó ti jókòó. Bí ó ṣe dé orí àga kò jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀. Agogo Èèwọ̀ mú ìbéèrè náà gbòòrò: ọba rere nìkan kò tó, àwọn ìjòyè náà gbọ́dọ̀ búra. Lójú fíìmù kejì yìí, kò sí bí Jogbo yóò ṣe gbádùn bí àwọn tó yí ọba ká kò bá bẹ̀rù nǹkankan.

Síbẹ̀, fíìmù méjèèjì ní àléébù tó jọ ti “Ó tó gẹ́”. Ẹni tó mọ àṣírí ìlù nìkan ló lè lu saworoidẹ; agogo èèwọ̀ náà ní ẹni tó ń lù ú. Àwọn ọ̀dọ́ Jogbo ń jà, Ọ̀pálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ń fi ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ òótọ́ láàfin, ṣùgbọ́n ará Jogbo kò ní ibì kan tí wọ́n ń jókòó sí láti yẹ ìwé ìṣirò owó igi gẹdú wò. Ikú ni ìjìyà kan ṣoṣo tó wà, ìgbà tí ọ̀ràn bá sì ti bàjẹ́ tán ni ó ń dé. Bákan náà ni ìbò 2019 ṣe rí: ó dé gẹ́gẹ́ bí ìlù saworoidẹ, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ ògiri padà.

Ìgúnlẹ̀

Àtúpalẹ̀ yìí fi hàn pé ìjọba aṣojú fún Ìlọrin ní òmìnira kan tí ìjọba apàṣẹwàá kò lè fún un, èyíinì ni òmìnira láti lé alákòóso láìsí ikú. Ó tún fi hàn pé ìjọba tí a dìbò yàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba òmìnira tó sún mọ́ aráàlú jù, bó ti ṣe ní 1958 àti lẹ́yìn 2019. Nítorí náà, ìwọ̀n òmìnira kò sí nínú orúkọ tí ìjọba ń jẹ́. Ó wà nínú iye ibi tí aráàlú ti lè pe ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ padà kí ó wá jábọ̀: ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí gómìnà kò lè fi ìwé kan tú ká, ìwé ìṣirò tí gbogbo ènìyàn lè kà, ìpàdé àdúgbò tí káńsẹ́lọ̀ kò lè kọ̀ láti wá.

Fún àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀. A ti kọ púpọ̀ lórí orin, ewì àti àwàdà tí wọ́n fi ń bú òṣèlú. A kò tíì kọ púpọ̀ lórí ìlò gírámà àwọn gbólóhùn ìpolongo, lórí ẹni tí wọ́n sọ di olùṣe nínú wọn àti ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Gbólóhùn mìíràn yóò tún jáde ní Ìlọrin nígbà ìbò tó ń bọ̀. Kí àwọn tó gbọ́ ọ kọ́kọ́ wo olùṣe inú rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ lórin.