Mósè Nínú Ihò Awakùsà

Ayò ọlọ́pọ́n kò ní ìtàn kankan lára. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó tán. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró ti ọ̀ta àti ọ̀pẹ nídìí ọpọ́n ní agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì n'Ìbàdàn yóò rí ìtàn wò: ilé kan ń kún, òmíràn ń dahoro, ẹni tó rò pé òun ti là sì ń di tálákà lójú ẹsẹ̀. Òfin eré náà ló ń pìtàn. Ojú yìí ló yẹ ká fi wo àwọn géèmù Bíbélì tí Wisdom Tree ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìtàn kún inú wọn bámú, ṣùgbọ́n òfin wọn kì í sábà mọ ìtàn tí wọ́n ní kó pa.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ìdí Bíbélì fúnra rẹ̀ tó ìtàn. Color Dreams ni ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ní California. Nintendo, tó ń ta ẹ̀rọ géèmù NES nígbà náà, ti fi àgádágodo sínú ẹ̀rọ náà kí ẹni tí kò gbàṣẹ má baà lè ṣe kásẹ́ẹ̀tì géèmù fún un; Color Dreams wá ọgbọ́n ṣí i. Ni Nintendo bá ń halẹ̀ mọ́ àwọn onísọ̀ọ̀ pé ẹni tó bá ta ọjà wọn kò ní rí ọjà tòun gbà mọ́. Àwọn wo ni irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè bà lẹ́rù? Àwọn tó ń ta ìwé ìsìn Kristẹni ni, nítorí wọn kì í ta ọjà Nintendo tẹ́lẹ̀. Bí orúkọ Wisdom Tree ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí géèmù wọn Bible Adventures sì jáde lọ́dún 1991. Ọgbọ́n ọjà ló ṣáájú, ìwàásù tẹ̀ lé e.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Exodus jáde, òun sì ni géèmù onírònú gan-an láàrin wọn. Color Dreams ti ní géèmù kan ṣáájú, Crystal Mines, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú ihò awakùsà, tó ń ṣa òkúta iyebíye, tó sì ń yẹra fún àpáta kí ó má wó lé e. Wọ́n yọ ẹ̀rọ náà, wọ́n fi Mósè sípò rẹ̀. Òkúta iyebíye di mánà, ọta tó ń yìn di lẹ́tà W, èyí tó dúró fún "Word", ìyẹn Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Láàrin ìpele kan sí èkejì, wọ́n á bi ẹni tó ń ta á ní ìbéèrè látinú Bíbélì.

Eré ọ̀hún dùn, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ láìronú, àpáta á dí ọ̀nà mọ́ ọn. Àmọ́ kí ẹni tó mọ Ẹ́kísódù wo mánà yẹn dáadáa. Nínú Bíbélì, ìwọ̀n oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ní kí kálukú kó. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ di ọjọ́ kejì yọ ìdin, ó ń rùn. Nínú géèmù, àfi kí Mósè máa kó o jọ kí ọ̀nà tó là. Ohun tí ìwé ní kí wọ́n má ṣe gan-an ni òfin eré ń san èrè fún! Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ńkọ́? Wàhálà Mósè látòkèdélẹ̀, ọ̀rọ̀ bó ṣe ń da àwọn olórí kunkun ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń rìn nínú ihò yìí. Agbádá ni wọ́n wọ̀ fún awakùsà.

Nóà inú Bible Adventures sàn jù. Ó ń gbé ẹranko, ó ń tò wọ́n lé ara wọn lórí bí aláàárù tó ń gòkè láti Ọjà'ba lọ sí Mápó, ó ń gbé wọn lọ sínú ọkọ̀. Ó ń súni díẹ̀, iṣẹ́ Nóà náà kò sì lè ṣe kó má súni. Ní ti Míríámù tó gbé Mósè jòjòló dání nínú Bible Adventures kan náà, ẹni tó ń ta géèmù lè ju ọmọ ọlọ́mọ sómi, kí eré sì máa lọ. Àwọn èèyàn ti fi èyí rẹ́rìn-ín títí.

Kì í ṣe pé kò yẹ kí Bíbélì di eré. Lọ́dún 1944, ní Gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó, Hubert Ògúndé fi ọ̀rọ̀ ọgbà Édẹ́nì ṣe eré fún ìjọ Aládùúrà. Dúró Ládípọ̀ náà fi ìlù sínú orin Àjíǹde tó ṣe fún ìjọ ní Òṣogbo, ìlù náà sì dá ìjà sílẹ̀, nítorí gbogbo ayé gbọ́ pé ìtàn ọ̀hún ti gba ara mìíràn. Kò sí ẹni tó lè bá Exodus jà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè àárín ìpele náà kò ní jọ ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì lójú. Láti ìgbà tí David àti Anna Hinderer ti tẹ̀dó sí Kúdẹtì lọ́dún 1853 ni ìbéèrè àti ìdáhùn Bíbélì ti wà nílùú Ìbàdàn, àlọ́ àpamọ̀ sì ti wà ṣáájú wọn. Bíbélì pàápàá ní àlọ́ tirẹ̀: Sámúsónì pa ọ̀kan níbi ìgbéyàwó, aṣọ 30 ni wọ́n fi ta á, ọjọ́ méje ni wọ́n dá, àwọn Fílístínì sì gba ẹ̀yìn ìyàwó rí ìdáhùn. Òfin eré ti pé síbẹ̀, ọ̀nà èrú pàápàá kò gbẹ́yìn.

Èyí tó dunni jù ni Jẹ́ríkò. Wisdom Tree ṣe Jóṣúà lọ́dún 1992, wọ́n tún dá a padà sínú ihò awakùsà kan náà. Bẹ́ẹ̀, géèmù ti wà nínú ìwé Jóṣúà láìbùmọ́ láìyọ: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀méje ní ọjọ́ keje, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn títí àṣẹ yóò fi dé. Àwọn ọmọ Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn tó ń fi ẹfun fa ilà súwè sílẹ̀ kò nílò Nintendo láti ta á. Kí wọ́n fa odi kan sáàárín, kí wọ́n tò yí i ká, kí ọ̀kan máa kà á lọ́kàn. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kí ìyípo kẹtàlá tó pé, ó ti jáde nìyẹn.