Adagietto Mahler: Orin Ìfẹ́ Tí A Sọ Di Orin Arò

Bí a bá gba ẹ̀rí Willem Mengelberg, olùdarí ọ̀kẹ́sítírà tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Gustav Mahler, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí Alma ni Adagietto inú Sínfónì Karùn-ún (1901–1902). Háàpù àti àwọn ohun èlò olókùn nìkan ni ó ń dún níbẹ̀. Kíì F méjọ̀ ni a kọ ọ́ sí. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀, Mahler fi ohùn F gan-an pamọ́, tí etí fi ń wá ibi tí orin yóò fìdí kalẹ̀ sí. Ìwákiri yìí ni adùn rẹ̀.

Lóòótọ́, Mahler fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé pé kí ó falẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni Mengelberg fi parí rẹ̀ nínú àwo 1926. Àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ lò ju mọ́kànlá lọ. Leonard Bernstein darí rẹ̀ níbi ìsìnkú Robert Kennedy ní 1968. Fíìmù Visconti so ó mọ́ ikú ní 1971. Ọ̀pọ̀ wá ń gbọ́ ọ bí orin arò. Àṣìgbọ́ ni. Bí ó bá falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìwákiri inú rẹ̀ a di àárẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ a já kí ó tó délé. Nínú àwo Mengelberg, ńṣe ni fáyólìn ń yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì, bí ẹni tí ń pe orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀, tí kò fẹ́ kí ó tán lẹ́nu.