Àmì Róbótó Márùn-ún Tó Ń Sáré: Lórí Àwọn Àwòrán Eré Básíkẹ́tì Kan

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán eré básíkẹ́tì tó ń rìn, láti ìgbà tí àwọn obìnrin wa, D'Tigress, ti ṣe bẹbẹ ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2024. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbádùn ara rẹ̀ ló fi ń ṣe. Mẹ́rìnlá ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò sí èyí tó tó ìṣẹ́jú kan nínú wọn, ó sì ní kí n má pọ́n òun lé.

Fún ẹni tí kò mọ eré yìí, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní bí wọ́n ṣe máa ń yà á sórí pákó. Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún di àmì róbótó márùn-ún, nọ́ńbà 1 dé 5. Ìlà gbọọrọ ni ẹni tó ń sáré láìmú bọ́ọ̀lù. Ìlà kọ́lọkọ̀lọ ni ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lọ. Ìlà tí a gé sí wẹ́wẹ́ ni bọ́ọ̀lù tí a jù sí ẹlòmíràn, èyí tó sì ní igi dábùú lórí ni ẹni tó lọ dúró dí ọ̀nà. Ìlànà ìkọ̀wé ni nǹkan yìí, àléébù tó sì ní kò yàtọ̀ sí ti Yorùbá tí a kọ láìfi àmì ohùn sí. Ẹ kọ "igba" sílẹ̀ báyẹn: ṣé igba náírà ni, àbí igbá omi, àbí ìgbà òjò, àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Lórí pákó, gbogbo ìlà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló kọ́kọ́ gbéra? Ìlà ò sọ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ yìí ti gbayì. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ń pè ní pick and roll. Nọ́ńbà 5 lọ dúró sí ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ nọ́ńbà 1. Nọ́ńbà 1 wá lu bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, èjìká sí èjìká, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ má baà rí àyè yọ́ kọjá láàárín wọn. Bí ẹni tó ń ṣọ́ 5 bá sáré jáde láti dá 1 dúró, 5 yóò yí padà, yóò sáré lọ sábẹ́ òrùka, bọ́ọ̀lù á sì bá a níbẹ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé 5 gbọ́dọ̀ ti dúró ṣinṣin kó tó di pé ẹni tó ń ṣọ́ 1 kọlù ú. Bó bá ṣì ń rìn, fèrè á fọn, ìjìyà dé. Pákó kò lè fi ìyẹn hàn. Nínú àwòrán yìí, a rí i pé 5 dúró, a rí i pé 1 fi bíńtín sùúrù kó tó gbéra. Bíńtín yẹn ni àmì ohùn.

Ṣùgbọ́n ó hàn pé bíńtín yẹn nìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ó sọ ibi tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì fi ìṣísẹ̀ kan náà kún àárín. Gbogbo wọn wá ń rìn bí ọkọ̀ ojú irin. Ẹ rántí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó jẹ́ handball ló kọ́kọ́ ń gbá, tó bá Houston gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Èjìká rẹ̀ á lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á ti fò sókè, òun á sì ti gba òsì kọjá. Àmì róbótó kò ní èjìká, mo gbà. Ó kéré tán, ó lè rọra, kó sì ṣàdédé yára.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń ṣọ́ni. Wọ́n dúró bí èèkàn. Méjì péré nínú mẹ́rìnlá ni wọ́n ti mira, bọ́ọ̀lù sì wọ àwọ̀n nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá! Kò sí aago níbi kankan, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 24 péré ni òfin fún ikọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ní D'Tigress ló kó sí òun lórí ló ń ṣe èyí o! Kí ni wọ́n fi na Australia 75 sí 62 ní Lille, tí wọ́n tún fi na Canada 79 sí 70? Wọ́n há ọ̀nà mọ́ alátakò ni, wọ́n ń já bọ́ọ̀lù gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ Rena Wakama ṣe di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú básíkẹ́tì Òlíḿpíìkì, kí Amẹ́ríkà tó dá wọn dúró pẹ̀lú 88 sí 74. Ọmọ tó bá ti inú àwòrán wọ̀nyí kọ́ eré á rò pé alátakò jẹ́ ohun tí a ń yí po.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì ń bẹ. Ìlọrin ní Kwara Falcons, tó ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje BAL ní Dakar lọ́dún 2023, àwọn ọmọdé sì ń fẹ́ dà bíi wọn. Ẹni tí kò ní akọ́nimọ̀ọ́gbá, fóònù ni tíṣà rẹ̀, àwòrán kékeré báyìí kì í sì í jẹ dátà bí odindi ìdíje. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹjọ́ láti bá akẹ́kọ̀ọ́ mi rò lórí èdè. Gbogbo àkọlé tó kọ sínú wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú Yorùbá!

Èsì rẹ̀ ni pé a kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Lóòótọ́, Èdè-Ìperí Yorùbá tí àwa onímọ̀ èdè ń gbé kiri, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ló dá lé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń pe eré náà ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń gbè wọ́n lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí apẹ̀rẹ̀ èso gan-an ni James Naismith so mọ́ òkè lọ́dún 1891. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni eré yìí nílò, a sì ní àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn mìíràn ti kọ̀wé lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. "Ó sáré wọlé gba bọ́ọ̀lù jù sáwọ̀n." Olùwà kan, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tò, ẹ ò lè dà á kọ. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, olùwà yí padà, gbólóhùn mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ náà fẹ́ kí àwòrán òun ti dánu dúró díẹ̀ gan-an ni gbólóhùn ti parí.

Kó fi pick and roll sílẹ̀ bó ṣe wà, orúkọ ni, kò pa wá lára. Àmọ́ "wait", "now" àti "go" tó ń tàn yòò lójú àwòrán yẹn, "dúró", "ó yá" àti "máa lọ" ni, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́ta ní Òkè-Oyì níbí tí kò mọ̀ wọ́n.