Kíkọ Yorùbá Tàmìtàmì lórí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Àríwísí Kan

Ẹni tí ó bá lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ní Command, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, yóò béèrè bí ó ṣe yára tó àti iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ ń lò. Ìbéèrè tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n kì í sábà jẹ yọ: ǹjẹ́ sọ́fítíwíà tí ó bá ẹ̀rọ náà wá lè kọ Yorùbá tàmìtàmì? Èrò wa ni pé kọ̀ǹpútà tí kò lè ṣe èyí kì í ṣe ojúlówó fún iṣẹ́ wa.

Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde pé Nàìjíríà yóò ra Classmate PC 17,000 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú Linux tiwọn nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé Windows ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìjà oníṣòwò méjì ni; èdè tí ọmọ yóò fi kọ̀wé kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Windows Vista tí ó jáde lọ́dún náà tilẹ̀ ní ètò ìtẹ̀wé Yorùbá nínú, àmọ́ ó fara sin. Ẹni tí kò bá wá a kò ní mọ̀ pé ó wà.

Ìṣòro tí ó jinlẹ̀ jù ni ti àmì ohùn. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ àti ọ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí lọ́tọ̀. Bí àwọn lẹ́tà tí ó bá ẹ̀rọ wá kò bá gbà á dáadáa, àmì yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá fi gègé fa àmì sí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ lóòyẹ́. Nígbà náà, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀kan náà lójú olùkàwé.

Ibí ni ọ̀rọ̀ bátìrì ti wọlé. Lẹ́tà kan tí ó ní àmì lè gba kí a tẹ bọ́tìnnì méjì tàbí mẹ́ta. Fún ojú ewé kan náà, ẹni tí ń kọ Yorùbá pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ju ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, bẹ́ẹ̀ bátìrì tòkunbọ̀ ti gbó kí ó tó wọ̀lú. Nígbà tí iná bá lọ, àmì ohùn ni a kọ́kọ́ ń fò. Ìdánwò tí a dábàá kò le: kí olùrà yọ wáyà iná, kí ó tẹ ojú ewé Yorùbá kan tàmìtàmì, kí ó sì wo iye bátìrì tí ó ṣẹ́ kù.